Lílé àti Dídín: Ohun tí Èdè Yorùbá Mọ̀ nípa Ìjìnnà sí Òdo



1. Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ni ní lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìṣírò. Èmi kò wá láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣírò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ọ̀rọ̀, kí n máa wádìí ohun tí ó gbé pamọ́ sínú. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi dé ibi tí mo dé yìí, ẹnu àgbàlagbà obìnrin kan ni ó sì ti jáde.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ilé ní Ìrẹsà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé Ìrẹsà méjì ni ó wà, Ìrẹsà-Adú àti Ìrẹsà-Apá, méjèèjì sì wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú àtijọ́ ni Ìrẹsà. Àwọn òpìtàn máa ń dárúkọ Arẹsà pọ̀ mọ́ Olúgbọ́n àti Oníkòyí. Bí mo ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ aládùúgbò wa kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá fún mi. Ìbéèrè kan tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

|x − 50| = 4. Kí ni x?

Ọmọ náà ti kọ 54. Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní ìdajì máàkì, kò sì sọ ìdí tí kò fi gba èyí tí ó kù. Mo bi í pé, “Báwo ni o ṣe ṣe é?” Ó dáhùn pé, “Wọ́n ní kí a yọ ìlà méjèèjì kúrò, kí a wá ṣe é bí a ṣe ń ṣe ìṣírò yòókù, sà.” Mo gbìyànjú láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe àlàyé fún un. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e. Ìyá rẹ̀ àgbà wà nítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo yíjú sí wọn, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni ó fi ẹ̀rìn yàtọ̀ sí àádọ́ta?” Ìyá náà kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, “Èwo nínú méjèèjì? Ṣé ẹ̀rìnléláàádọ́ta ni àbí ẹ̀rìndínláàádọ́ta?”

Ìyá yìí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rí. Síbẹ̀, ìdáhùn ni wọ́n fi ṣe ìbéèrè, ó sì pé pérépéré: 54 àti 46. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìmọ̀ tí ó ṣòro fún ọmọ náà láti rí nínú ìwé rẹ̀ wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, inú bí a ṣe ń pe nọ́ńbà ní èdè Yorùbá ni ó sì ti dé ibẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ọ̀nà tí ó wà láàárín ẹnu ìyá náà àti ìwé ọmọ náà dí, àdánù ńlá ni.

2. Ohun tí Ìlà Méjèèjì Ń Sọ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣírò ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ìlà òòró méjì sé nọ́ńbà kan mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: báwo ni nọ́ńbà yìí ṣe jìnnà sí òdo tó? Karl Weierstrass, onímọ̀ ìṣírò ará Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlà méjèèjì báyìí ní ọdún 1841.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ọ̀nà ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn wá gba Ọ̀yọ́ kọjá, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Kí a pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní òdo, kí ìhà Ìlọrin jẹ́ iwájú, kí ìhà Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹ̀yìn. Awakọ̀ kan wa ọkọ̀ ní kìlómítà 20 sí ìhà Ìlọrin. Ibi tí ó wà ni 20. Awakọ̀ kejì wa ọkọ̀ ní kìlómítà 20 sí ìhà Ọ̀yọ́. Ibi tí ó wà ni −20. Bí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà, ìdáhùn wọn kò ní í dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì: 20. Ìdí nìyí tí |20| fi jẹ́ 20, tí |−20| náà sì fi jẹ́ 20. Kò sí ẹni tí ó lè jìnnà sí ìlú kan ní kìlómítà −20. Ẹni tí kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, 0 ni ìjìnnà tirẹ̀.

Ojú ọ̀nà yìí kan náà tún kọ́ wa ní òfin pàtàkì kan. Bí awakọ̀ bá lọ kìlómítà 20 sí ìhà Ìlọrin, tí ó wá ṣẹ́rí padà ní kìlómítà 15, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin kìlómítà 35, ṣùgbọ́n kìlómítà 5 péré ni ó fi jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣírò a máa kọ ọ́ báyìí: |20 + (−15)| kò lè ju |20| + |−15| lọ. Ìjìnnà sí ilé kò lè ju gbogbo ìrìn tí ẹsẹ̀ rìn lọ. Ó lè bá a dọ́gba, ó sì lè kéré sí i.

Níbo wá ni ìṣòro ti wọlé? Láti inú orúkọ ni. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni absolute value. Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni ohun tí a tú sílẹ̀, ohun tí a gbà kúrò nínú ìdè. Nọ́ńbà tí a tú kúrò lára àmì rẹ̀ ni orúkọ náà ń fi hàn. Orúkọ yìí kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe sí nọ́ńbà ni ó ń sọ. Kò sọ ohun tí a ń wá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi sọ ọ́ di òfin kúkúrú: “Yọ àmì kúrò.” Òfin kúkúrú a máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́.

3. Lé àti Dín

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Màmá. Bí a bá tú ẹ̀rìnléláàádọ́ta palẹ̀, ohun tí a ó bá nínú rẹ̀ ni ẹ̀rìn, lé, ní, àti àádọ́ta. Bí a bá tú ẹ̀rìndínláàádọ́ta palẹ̀, a ó bá ẹ̀rìn, dín, ní, àti àádọ́ta. Ẹ̀rìn kan náà ni, àádọ́ta kan náà ni. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ, lé tàbí dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tàléláàádọ́ta àti ẹ̀tàdínláàádọ́ta, èjìléláàádọ́ta àti èjìdínláàádọ́ta, ọ̀kànléláàádọ́ta àti ọ̀kàndínláàádọ́ta. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, àádọ́ta sì wà láàárín wọn bí ìlú tí ó wà láàárín ọ̀nà.

Kí ni èdè wa ti ṣe níhìn-ín? Ó ti pín ìbéèrè sí méjì. Ìbéèrè kìíní ni: báwo ni ó ṣe jìnnà tó? Ẹ̀rìn ni ó dáhùn èyí. Ìbéèrè kejì ni: ìhà wo ni ó wà? Lé tàbí dín ni ó dáhùn èyí. Ohun tí |x − 50| = 4 ṣe ni pé ó dáhùn ìbéèrè kìíní, ó sì dákẹ́ lórí ìkejì. Ó sọ ẹ̀rìn fún wa, kò sọ lé, kò sì sọ dín. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa kò ní láti há a sórí pé ìdáhùn méjì ni ó wà, nítorí yóò béèrè gẹ́gẹ́ bí Màmá ti béèrè pé, “Èwo nínú méjèèjì?”

Èmi kò fẹ́ kí a ṣe àsọdùn. Ìtò nọ́ńbà Yorùbá ní ààlà tirẹ̀. Lé kì í kọjá ẹ̀rìn. Dín a máa dé àrún. 45 ni àrúndínláàádọ́ta, ṣùgbọ́n a kì í pe 55 ní “àrúnléláàádọ́ta”. Ọgọ́ta ni a máa ń wò, a ó sì wí pé àrúndínlọ́gọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ pàápàá, dídín ni ó ti wá, nítorí ogún mẹ́ta tí ó dín mẹ́wàá ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìbéèrè inú ìwé ìṣírò ni orúkọ nọ́ńbà yóò dáhùn ní tààrà. Bákan náà, àwọn baba wa kò ka nọ́ńbà kọjá òdo lọ sí ìsàlẹ̀; dídín tiwọn ní láti ní ohun tí ó pọ̀ jù ú lọ tí yóò dín kù lára rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà wà, ó sì dúró dáadáa.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣe àkíyèsí ètò yìí. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó ti gbé ní Ìjàyè, kọ àròkọ lórí ètò nọ́ńbà Yorùbá, ó sì so ó pọ̀ mọ́ bí a ṣe ń ka owó ẹyọ. Ẹnu sì ń yà wọ́n sí bí dídín ti pọ̀ tó nínú ètò náà. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kà á sí wàhálà. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń wí bẹ́ẹ̀ ti gbójú fo èrè kan: ọmọ tí ó bá dàgbà sínú dídín ti mọ̀ láti kékeré pé a lè dé ibi kan láti iwájú, a sì lè dé ibẹ̀ láti ẹ̀yìn.

4. Eégún tí a Ń Pè ní x

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé òfin “yọ àmì kúrò” yóò kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí lẹ́tà bá gba ipò nọ́ńbà. Èmi gan-an ti ṣubú níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ wa pé |x| jẹ́ x bí x kò bá sí lábẹ́ òdo, ṣùgbọ́n pé ó jẹ́ −x bí x bá wà lábẹ́ òdo. Mo wo −x, mo rí àmì àyọkúrò níwájú rẹ̀, mo sì wí nínú ara mi pé èyí kò lè tọ̀nà: ṣebí wọ́n ní ìdáhùn kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òdo? Mo yọ àmì náà kúrò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo sì gba òdo fún ìdáhùn tí mo kọ.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi eégún ṣe àpẹẹrẹ fún mi ni, ì bá ti yé mi. Bí eégún bá jáde, aṣọ ni a ń rí. A kò rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. x jẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ 7 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ −7. Àmì tí ó wà níwájú −x, ara aṣọ ni ó wà. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tí ó wọ aṣọ. Àṣẹ ni −x: mú nọ́ńbà tí ó wà nínú x, kí o gbé e lọ sí ìhà kejì òdo. Bí −7 bá wà nínú x, −x yóò gbé e kọjá òdo, yóò sì di 7. 7 sì ni ìjìnnà tí a ń wá. Ẹni tí ó ń wá àmì láti yọ yóò máa bá aṣọ eégún jà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìjìnnà ni òun ń wá yóò kọ́kọ́ béèrè ìhà tí nọ́ńbà náà wà.

5. Àṣìṣe Télọ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ di onímọ̀ ìṣírò. Ẹ jẹ́ kí a wo télọ̀ kan tí ó ń rán aṣọ fún oníbàárà. Apá aṣọ náà yẹ kí ó jẹ́ ínṣì 24. Télọ̀ rán ọ̀kan ní ínṣì 26, ó rán èkejì ní ínṣì 22. Nígbà tí oníbàárà bínú, télọ̀ ní kí ó fara balẹ̀: ọ̀kan fi méjì lé, èkejì fi méjì dín, bí a bá pa méjèèjì pọ̀, àṣìṣe kò sí mọ́, bí a bá sì pín in sí méjì, ínṣì 24 gérégé ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣírò télọ̀ tọ̀nà: 2 + (−2) = 0. Ibi tí ó ti ṣe àṣìṣe ni pé ohun tí kò yẹ kí ó pa pọ̀ ni ó pa pọ̀. Ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ ni bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ínṣì 24 tó: |2| + |−2| = 4. Ínṣì 4 ni àṣìṣe aṣọ náà, kì í ṣe òdo.

Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò fi lè ṣe aláìlo ìlà méjèèjì. Bí ẹ̀rọ tí ń wọn oògùn bá fi díẹ̀ lé lónìí, tí ó fi díẹ̀ dín lọ́la, àṣìṣe méjì ni. Ọ̀kan kò wo èkejì sàn. Bí káfíńtà bá ní òun gba kí pákó fi ìdajì ínṣì lé tàbí kí ó fi ìdajì ínṣì dín, ìjìnnà tí òun lè fara mọ́ ni ó ń sọ, ní ìhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀ náà. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà àti ẹni tí ó jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà jìnnà sí òdo bákan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í sun oorun kan náà. Brahmagupta, ọ̀mọ̀wé ará Íńdíà, ti mọ èyí ní ọdún 628, nígbà tí ó fi ohun ìní àti gbèsè ṣe àlàyé nọ́ńbà òkè òdo àti nọ́ńbà abẹ́ òdo. Ìlà méjèèjì kò sọ pé níní àti jíjẹ gbèsè jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ó sọ ni bí ó ti tóbi tó; ìhà tí ó wà ṣì jẹ́ ìbéèrè kejì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé.

6. Orúkọ àti Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èdè-ìperí. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, ìpín kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi Yorùbá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì láìsí ìnira. Bí ó bá wá kan ti ìṣírò, àbá tèmi ni pé kí a má ṣe túmọ̀ orúkọ Látìnì náà. Kí a pe |x| ní ìjìnnà-sódo, kí a sì ka |x − 50| sí ìjìnnà x sí àádọ́ta. Orúkọ tí ó bá sọ ohun tí a ń wá yóò kọ́ ọmọ ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

A kò lè sọ pé a kò mọ̀ bóyá Yorùbá lè gbé ìṣírò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fẹ́ kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò.

Èmi kò dìde láti bá ìjọba jà lónìí. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ nípa ọmọ Ìrẹsà yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ ẹ̀rìndínláàádọ́ta, ọmọ náà wò mí, ó ní, “Sà, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?” Kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni ó ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ka nọ́ńbà Yorùbá kọjá ogún. Ọ̀rọ̀ tí ì bá là á lójú wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì dà bí èdè àjèjì létí rẹ̀. Èyí ni ó bà mí nínú jẹ́ ju ìdajì máàkì tí ó pàdánù lọ.

Àwọn kan ti dábàá pé kí a yí ìkànkà wa padà sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó lè rọrùn fún àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ìdí wọn, èmi kò sì pè wọ́n ní ọ̀tá èdè. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ dín nù, kí a mọ ohun tí a ń sọ nù.

7. Ìkádìí

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó ìjọba. Kí òbí kọ́ ọmọ láti ka nọ́ńbà Yorùbá dé ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí olùkọ́ ìṣírò, èdè yòówù tí ó bá ń lò, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé, “Báwo ni ó ṣe jìnnà tó?” kí ó tó sọ̀rọ̀ àmì. Kí àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ má sì rò pé ìwé ewì nìkan ni èdè ń gbé ọgbọ́n pamọ́ sí.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti parí. Màmá da ẹ̀gúsí díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ka àádọ́ta sọ́tọ̀. Wọ́n fi mẹ́rin lé e, wọ́n ní kí ó kà á. Wọ́n kó mẹ́rin náà kúrò, wọ́n tún mú mẹ́rin mìíràn kúrò lára àádọ́ta, wọ́n ní kí ó kà á. Ọmọ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mú bírò, ó sì kọ 46 sí ẹ̀gbẹ́ 54. Lẹ́yìn náà ni Màmá gba ẹ̀gúsí wọn padà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.